Omi Tí Kò Tíì Gbó

Lánàá, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Òpèbí, wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ gíláàsì. Òórùn kíkan rẹ̀ gbé mi padà sí pálọ̀ wa ní Agége.

Bàbá mi ti lẹ àpótí gíláàsì fún àwọn ẹja wẹ́wẹ́ aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń kó wá láti adágún Màláwì. Òkúta wà nínú rẹ̀, omi kún un, ẹja ni kò sí.

“Omi ò tíì gbó,” ni wọ́n sọ fún mi. “Tá a bá kó ẹja sí i báyìí, kò ní yè.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ṣọ́bìrì jáde. Mo rò pé yanrìn ẹja ni wọ́n fẹ́ lọ wa. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé àbúrò mi tí Mọ́mì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ni wọ́n lọ sin.

Lọ́sàn-án, Mọ́mì ti ọsibítù dé, ọwọ́ wọn ṣófo. Wọn ò bọ́ bàtà tí wọ́n fi jókòó síwájú omi náà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń mì lára ògiri, ó ń mì lójú wọn. Wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, wọ́n ń rọra tọwọ́ bọ àárín òkúta.

“Ẹ má wulẹ̀ wá ẹja, Mọ́mì,” ni mo wí. “Omi ni ò tíì gbó.”

Bàbá mi kọjú sí ògiri. Mọ́mì fi ọwọ́ tútù yẹn fà mí mọ́ra, omi ń kán sí mi lẹ́yìn.

“Ká jẹ́ kó gbó,” ni wọ́n wí.