Ẹ Ṣé Sà, Mo Ti Yó

Ẹ jọ̀ọ́, tí àgbàlagbà bá na ẹran sí yín, ṣé ẹ máa gbà á ni, àbí ẹ máa ní ẹ ti yó? Ẹ rò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó dáhùn. Èmi ò rò ó, ìyẹn ni mo fi jìyà oṣù mẹ́ta gbáko lórí pátákó ṣẹ́ẹ̀sì.

Ìgbà tí àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá ni. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé nǹkan máa yí padà. Tèmi náà yí padà lóòótọ́. Nígbà àwọn sójà, ọmọ ilé ìwé tó ń jẹ gàrí ìyá ẹ̀ ni mí. Nígbà tí alágbádá dé, mo ti jáde ilé ìwé, mo wá ń jẹ gàrí ìyá mi.

Agége là ń gbé, níbi tí atẹ́gùn ti máa ń gbé òórùn bisikíìtì wá láti àwọn iléeṣẹ́ ọ̀nà Ìkẹjà. Lọ́sàn-án, tí iná bá ti lọ, tí gbogbo ilé ń tòògbé, òórùn yẹn á rọra wọlé, á jókòó tì mí lórí ẹní bí àlejò. Èmi náà á máa sùn, ẹnu mi á máa lọ bí ẹni tó ń jẹun. Ìyá mi ní òun ò tíì rí ẹni tó ń fi ojú oorun jẹ afẹ́fẹ́ bíi tèmi.

Ọ̀gá kan ń gbé yàrá iwájú nínú ilé wa. Súpáfáísà ni wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ bisikíìtì yẹn, ará Èkìtì, èèyàn jẹ́jẹ́. Kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́ ọ̀sán, wọ́n á gbé pátákó ṣẹ́ẹ̀sì, ayò òyìnbó tí wọ́n ń fi ọba àti ọmọ ogun ta, sórí bẹ́ǹṣì ní fàráńdà, àwa méjèèjì á ta á. Àwọn ló máa ń mú ọmọ ayò funfun. Ẹni tó bá mú funfun ló ń kọ́kọ́ sún, àgbà ló sì ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ. Ta ló fẹ́ bá àgbà du ìyẹn? Bí mo ṣe di dúdú lójoojúmọ́ ayé nìyẹn.

Ìyá mi ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi wá iṣẹ́ síbẹ̀. Wọ́n wo pátákó, wọ́n wò mí.

"Pùròfẹ́sọ̀," wọ́n ní. Orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn, wọ́n sì mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú orí ọ̀hún. "Níbi iṣẹ́ wa, ẹni tí ò bá ní sùúrù, maṣíìnì á gé e lọ́wọ́. Ọjọ́ tí fèrè iṣẹ́ ọ̀sán bá fọn níléeṣẹ́, tí ọba ẹ ṣì wà láàyè lórí pátákó yìí, màá mú ẹ dání lọ."

"Ẹ ṣé sà." Mo rò pé ọjọ́ méjì ló máa gbà mí.

Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ kì í yí padà. Ọmọ ogun tó wà níwájú ayaba wọn á gbé ẹsẹ̀ méjì. Tèmi náà á gbé ẹsẹ̀ méjì, àwọn méjèèjì á wá kojú ara wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ti ọmọ ogun míì jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàkọ́kọ́, síbi tí tèmi ti lè jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

"Mú un, èèyàn mi. Jẹun."

Ṣé ẹ rí i? Àgbà na nǹkan sí mi. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á, ó ku díẹ̀ kí n dọ̀bálẹ̀. Màá wá kó gbogbo ọmọ ogun apá ibẹ̀ síwájú, kí wọ́n máa ṣọ́ ohun tí mo gbà bíi pé ogún bàbá mi ni. Ibi tí mo ti ń ṣọ́ ọ ni ayaba wọn á ti yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á wo ọ̀nà kòrókòró láti ibẹ̀ dé igun tí ilé ìṣọ́ mi wà, tí mo ti kó gbogbo ẹ̀ṣọ́ kúrò níwájú ẹ̀.

"Pùròfẹ́sọ̀, ilé tí mo rà dà?"

Fèrè ò tíì ronú àtifọn rárá.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, èmi àti ìyá mi fẹsẹ̀ rìn lọ kí ọ̀rẹ́ wọn kan ní Ifákọ̀. Obìnrin náà gbé ìrẹsì wá, ẹran tòlótòló sì fẹ̀yìn tì í. Mo na ọwọ́. Ìyá mi wò mí. Ẹ mọ ojú yẹn, ojú tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ ṣé mà, mo ti yó."

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ikùn mi ń pè mí ní òpùrọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ ò tán. Obìnrin náà tú gèlè, ó na ẹsẹ̀, ara ẹ̀ rọ̀. Ìgbà yẹn ló tún ti abọ́ náà sọ́dọ̀ mi. "Jẹun jàre." Ojú ìyá mi ti lọ síbi fèrèsé. Mo jẹ ẹ́ tán. Ó ti tutù, ó sì dùn.

Nígbà tá à ń padà lọ sílé, oòrùn ń wọ̀, òjìji àwọn ilé ń dá ọ̀nà sí igun-igun: dúdú, funfun, dúdú, funfun. Mo ń rìn lórí ẹ̀ bí ẹni tó ń lálàá. Mo rí ọmọ ogun mi kékeré tó dúró lójú òpópónà, tó káwọ́ sẹ́yìn, tí ò gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo dúró.

"Kí ló ṣe ẹ́?" ni ìyá mi wí.

"Mà, àṣé ó yẹ kí n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ ni."

"Kọ kí ni?"

"Ẹran."

"Ẹran tó o jẹ pẹ̀lú egungun?" Wọ́n bá tiwọn lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ti ọmọ ogun jáde. Mi ò gbà á. Mo sún èyí tó wà níwájú ọba mi ní ẹsẹ̀ kan péré, kó máa ti ọmọ ogun tó dúró láàárín lẹ́yìn. Ọ̀gá gbójú sókè.

"O ò jẹun lónìí?"

"Ẹ ṣé sà, mo ti yó."

Àbùkù kan wà níbẹ̀ ṣá. Ẹsẹ̀ kan yẹn ti dí ẹnu ọ̀nà bíṣọ́ọ̀bù mi, ọmọ ayò tó máa ń rìn láti igun dé igun. Ara ẹ̀ le, kò ní àrùn, ilé ló kàn jókòó sí. Mi ò fẹ́ wo ojú ẹ̀ púpọ̀, ó jọ mí jù.

Mo ṣe sùúrù. Ẹṣin jáde, ọba mi wọ ibi ìsádi. Ìgbà tí bíṣọ́ọ̀bù tiwọn wá gbé ẹsẹ̀, tó jókòó, tó tú gèlè, ìgbà yẹn ni mo gba oúnjẹ náà. Bíṣọ́ọ̀bù wọn tún ní láti dìde padà wá jẹ tèmi. Àárín ìyẹn ni mo fi rí àyè ti ọmọ ogun iwájú ọba síwájú. Ilẹ̀kùn ṣí. Ó pẹ́ díẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù mi yọ jáde, ó la pátákó kọjá, ó lọ dúró lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún.

Òórùn bisikíìtì gba fàráńdà kan. Fèrè fọn lọ́nà jíjìn, ó fọn pẹ́. Ọ̀gá wo ọba mi, wọ́n dìde, wọ́n wọlé. Èmi ṣì tẹjú mọ́ pátákó. Ẹni tí wọn ò tíì pa ti fẹ́ máa ronú bó ṣe máa borí: tí mo bá sún ẹṣin yìí síbí, bóyá ayaba wọn á...

"Pùròfẹ́sọ̀." Wọ́n ti wà lẹ́nu géètì. "Wọ bàtà ẹ. À ń lọ."