Orúkọ Màmá Òkè

Lánàá, mo jókòó sí fámásì kan ní Co-op City, nílùú òyìnbó níbí, mò ń retí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ni obìnrin tó ń pín oògùn bá pariwo orúkọ kan: "Erlenbrink!"

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí mo gbọ́ orúkọ yẹn kẹ́yìn. Àdúgbò Mount Hope là ń gbé nígbà náà. Ìyá arúgbó kan, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa, ọ̀dọ̀ wọn ni ìyá mi máa ń fi mí sí bí iṣẹ́ bá yá. Màmá Òkè là ń pè wọ́n. Bí wọ́n bá ti ń bó ápù tí wọ́n fẹ́ sè, ìtàn orúkọ wọn ni wọ́n máa ń sọ. Oko kan nílẹ̀ wọn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, lẹ́bàá òkè kékeré kan tí igi tó fẹ́ràn omi pọ̀ sí. Ẹni tó bá ń gbé oko náà ló ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Kódà, ọkùnrin tó bá fẹ́ ọmọ ibẹ̀, tó sì wá ń gbé níbẹ̀, á fi orúkọ bàbá tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ìyá mi gbọ́, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n: "Ọkọ tó ń jẹ́ orúkọ àna!"

Màmá Òkè kò bímọ. Àbúrò wọn kan ṣoṣo ti kú sójú ogun. Wọ́n ní àwọn nìkan ló kù tó ń jẹ́ orúkọ náà. "Pè é kí n gbọ́," ni wọ́n máa ń bẹ̀ mí.

Lọ́jọ́ kan, mo pè é lójú ìyá mi. Ìyá mi fọ́ mi létí. "Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni wọ́n? Don't let me hear that again o!"

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àwọn ará ilé ní áńbúláǹsì ti gbé Màmá Òkè lọ. A sáré dé ọsibítù. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì béèrè orúkọ wọn. Ìyá mi ní, "Mama. Mama upstairs." Ìyá mi ò rántí ju bẹ́ẹ̀ lọ, orúkọ Jámánì náà ò mọ́ wọn lẹ́nu rí. Èmi mọ̀ ọ́n, àmọ́ mo pa ẹnu mọ́, torí ìgbátí ọjọ́sí ò tíì kúrò lára mi. Obìnrin náà ní òun ò rí Mama kankan nínú ìwé. Ilé la padà sí, a lọ wo orúkọ náà lára àpótí lẹ́tà. Ká tó padà dé ọsibítù lọ́jọ́ kejì, Màmá Òkè ti kú, láìsí ẹnì kankan lọ́dọ̀ wọn. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pe ìyá àgbà lórúkọ gbàǹgbà, inú mi kì í sì í dùn sí i. Èmi náà ò jẹ́ pe àgbà lórúkọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ìyẹn ná mi.

Ní fámásì lánàá, obìnrin tó ń pín oògùn tún pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kejì, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó fẹ́ dá oògùn náà padà sínú àpótí. Mo dìde, mo fi gbogbo ohùn mi pè é. Ọmọbìnrin kan gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀.

"That's me."

Màmá Òkè rò pé orúkọ náà tán lórí àwọn. Mo bi ọmọbìnrin náà léèrè ibi tí orúkọ náà ti wá. Ó ní òun ò mọ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún òun rí.

Mo ní kó jókòó tì mí. Mo ní, "Oko kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."