Ọdún Kan Tí Wọ́n Fi Ṣubú fún Ràsákì Télọ̀

Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni Ràsákì télọ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìjà júdò ní Ìlá, lọ́dún 1983. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni gbá a létí tó fi lọ kọ́ ọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé e débẹ̀. Jóṣúà, olùkọ́ eré ìdárayá nílé ẹ̀kọ́ girama kan, ló gbé kakí funfun wá pé kó bá òun rán aṣọ júdò mẹ́jọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi kó márùn-ún padà, gbogbo wọn ti ya léjìká. Kò sẹ́ni tó dá aṣọ padà fún Ràsákì rí. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ̀ lé Jóṣúà lọ sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ náà láti lọ wo ohun tí wọ́n ń fi aṣọ òun ṣe.

Ohun tó rí ni Ọláyọdé, mẹkáníìkì ọmọ ọdún méjìlélógún, tó di ẹnìkejì rẹ̀ ní kọ́là mú, tó yí ìdí sí i, tó sì gbé e kọjá lórí ẹ̀yìn bí ẹni sọ àpò gààrí kalẹ̀. Ẹni tó ṣubú dìde, ó rẹ́rìn-ín, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ràsákì wò wọ́n títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Nígbà tó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi aṣọ lé aṣọ ní èjìká àwọn márààrún, ó sì rán ìkẹsàn-án mọ́ wọn, ní ìwọ̀n ara òun fúnra rẹ̀.

Láàárín ọdún kan, kò sí ẹni tí kò dá nínú gbọ̀ngàn yẹn. Ní gbogbo ọjọ́ Túsìdé àti Tọ́sìdé, bó bá ti délé, á máa ròyìn fún Àsíátù ìyàwó rẹ̀, tó máa ń bá a fi bọ́tìnnì sí aṣọ.

"Ọláyọdé ni mo tún dá lónìí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."

"Ẹ kú iṣẹ́," Àsíátù á dáhùn, kò ní gbójú sókè.

Lọ́jọ́ Túsìdé kan, Ràsákì tètè dé gbọ̀ngàn. Kó tó wọlé, ó gbọ́ ohùn Ọláyọdé lójú fèrèsé, tó ń kọ́ ọmọ tuntun kan níṣẹ́.

"Tí Bàbá bá ti di kọ́là ẹ mú, má ta kú o. Ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí o fò. Kí o sì ké 'Yéè!' Wọ́n fẹ́ràn ariwo yẹn."

"Má ké jù," Jóṣúà, olùkọ́ wọn, fi kún un. "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa mí."

Wọn kò kórìíra rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló burú jù. Ọ̀wọ̀ àgbà ni wọ́n pe ohun tí wọ́n ń ṣe. Irọ́ ni, wọ́n sì ti fi odidi ọdún kan pa á, tolùkọ́ takẹ́kọ̀ọ́, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rò pé òun ṣe ohun tí kò dáa.

Ràsákì padà sílé.

"Ìyá Mùstàfá, ṣé o mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n kàn ń ṣubú fún mi?"

Àsíátù fi eyín gé òwú. "Gbogbo àdúgbò ló mọ̀."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Ẹ ti ń sùn dáadáa. Ẹ kì í kanra mọ́ oníbàárà mọ́. Kí ni kí n wá sọ?"

"Kí o sọ pé n kò lè dá adìẹ."

"Ẹ ò lè dá adìẹ, Bàbá Mùstàfá." Ó bú sẹ́rìn-ín, Ràsákì pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a rín in.

Ṣùgbọ́n kò sùn dáadáa mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀: lẹ́yìn ọdún kan, ṣé ó lè dá èèyàn kan, ẹyọ kan péré, ní tòótọ́?

Nígbà tó di Tọ́sìdé, ó dúró láàárín gbọ̀ngàn.

"Ẹnikẹ́ni tó bá ṣubú lónìí láìjẹ́ pé èmi ni mo dá a, màá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un níbí."

Jóṣúà káwọ́ lérí.

"Háà, Bàbá! Ẹ má ṣe é!" Ọláyọdé ní. "Kí bàbá bíi tiyín dọ̀bálẹ̀ fún mi? Ṣé ẹ fẹ́ kí ayé mi bàjẹ́ ni? Ìyá mi á lé mi nílé."

"Ó dáa, dá mi."

"Ẹ̀yìn yín ńkọ́, sà?"

"Ẹ̀yìn mi ni. Kì í ṣe tìẹ."

Ọláyọdé wo ojú Jóṣúà. Jóṣúà ń wo àjà. Ọmọkùnrin náà kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún Ràsákì, ó tọrọ àforíjì fún ohun tó fẹ́ ṣe, ó dìde, ó sì dá a mọ́lẹ̀. Àwọn àpò tí wọ́n rọ ìyẹ̀fun pákó kún ló wà nílẹ̀, síbẹ̀ ó dun Ràsákì dé eyín.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà!" gbogbo wọn ké lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ pa ẹnu yín dé." Ó dìde.

Ọláyọdé dá a lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, kò dọ̀bálẹ̀ mọ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, kò kí i ní pẹ̀lẹ́ mọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà ni Ràsákì, tó máa ń fojú wọn oníbàárà kó tó fa tépù yọ, rí i pé ẹsẹ̀ òsì ọmọ yìí ló máa ń kọ́kọ́ sún síwájú. Ní ẹ̀ẹ̀keje, kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà kanlẹ̀. Ó yí ìdí, ó fà á. Ọláyọdé gba orí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

Kò ké "Yéè". Ó nà sílẹ̀, ó lanu sílẹ̀, ó ń wá èémí.

"Ṣé o ṣubú fún mi ni?" Ràsákì bi í. Ẹ̀rù wà lóhùn rẹ̀.

Ọláyọdé fò dìde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó já lu bàbá náà, ó sì gbé e ṣánlẹ̀ láìbẹ ẹnikẹ́ni. Jóṣúà sáré wá. Ràsákì nà gbalaja lórí àpò, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ikọ́ gbé e.

"Ẹ lọ bá mi pe Ìyá Mùstàfá," ó ní láti ilẹ̀, "kó wá wo bí inú ṣe ń bí ọmọ yìí."