Tírélà Mi Dí Àdúgbò Pa

Títí dòní, ojú máa ń tì mí tí mo bá ń gba àdúgbò wa kọjá ní Abúlé Òkúta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó tún ń dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ létí mi. Ará àdúgbò wa ní sùúrù jù. Ká ní wọ́n bú mi dáadáa nígbà náà ni, bóyá ìtìjú náà ì bá ti kúrò lára mi.

Awakọ̀ tírélà ni mí. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni mo ń wà láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Èkó. Mo kó sìmẹ́ńtì, mo kó ìyẹ̀fun, mo kó ẹrù tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ pàápàá. Gbogbo ohun tó wà lọ́kàn mi kò ju pé kí n ní tèmi. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, bó bá sùn, ọ̀gá lè pè é. Bó bá ń jẹun, ọ̀gá lè bi í pé kí ló ń jẹ tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí agbára èmi àti ìyàwó mi, Ìyá Tóbi, wá ká a, mo dá kọ́kọ́rọ́ ọ̀gá mi padà fún un. Mo tiẹ̀ sọ fún un pé bó bá tún rí mi nídìí sítíárìn ẹlòmíràn, kó pè mí ní orúkọ tó bá wù ú. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní kí Ọlọ́run bá mi ṣe é.

Tòkunbọ̀ ni mo fẹ́ rà. Orí nìkan ni mo ń wá, ìyẹn apá iwájú tí ẹ́ńjìnnì wà, tí awakọ̀ ń jókòó sí. Ẹ̀yìn tí wọ́n ń di ẹrù sí, èèyàn lè yá ìyẹn. Àwa onítírélà ní òfin kan tí a kì í fi ṣeré. Tí o bá fẹ́ ra orí, àárọ̀ kùtù ni kó o débẹ̀, kó o fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná sí i. Bó bá tutù, ó dáa, ní kí wọ́n ṣáná sí i níṣojú rẹ. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹni tó ń tà á ti jí ṣáájú rẹ, ó ti mú un gbóná dè ọ́, torí ó mọ̀ pé bó bá tutù kò ní dáhùn. Èmi gan-an ti kọ́ àwọn awakọ̀ kan lófin yìí. Ó tún yẹ kí èèyàn mú mẹkáníìkì rẹ̀ dání. Tèmi ni Bọ̀dá Ràfíù ní Ṣómólú, ẹni tó ti ń tún ọkọ̀ ọ̀gá mi ṣe kí n tó débẹ̀. Mi ò mú un dání. Kò sóhun tí Ràfíù kì í rí àléébù rẹ̀. Ó lè wo gbogbo ọkọ̀ tó wà ní yáàdì tí wọ́n ti ń tà wọ́n kó má mú ìkankan, ojú sì ti ń kán mi.

Mo débẹ̀. Orí náà pupa, wọ́n ti kùn ún, ó ń dán. Mo gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

“Oòrùn ni, ẹ̀gbọ́n,” ni ọ̀gbẹ́ni tó ń tà á wí, kí n tó la ẹnu rárá. “Ẹ wo bí oòrùn ṣe mú.”

Oòrùn kò tí ì mú. Mo rí i pé kò tí ì mú. Mo ní, “Oòrùn ni lóòótọ́,” mo sì gòkè lọ jókòó. Wọ́n ní kí n ṣáná sí i, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, inú mi dùn débi pé mo ń fi ọwọ́ pa sítíárìn bí ẹni ń pa orí ọmọ.

Ká ní ibẹ̀ ni ìwà òmùgọ̀ mi parí sí, ì bá sàn. Ọkọ̀ ńlá kì í wọ àdúgbò wa, ọ̀nà há. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ra ọkọ̀, àdúgbò á bá a fọ̀ ọ́, ìyẹn ni pé wọ́n á gbàdúrà sí i, wọ́n á sì mu ẹlẹ́rìndòdò. Ìyá Tóbi ní, “Bàbá Tóbi, kí ló dé tá ò lè lọ gbàdúrà sí i níbi tó wà?”

Mo ní, “Àwọn tó ra mọ́tò kékeré, ṣé ibi ìgbọ́kọ̀sí la ti lọ bá wọn?”

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, mo lọ gbé e ní yáàdì, wọ́n ti ṣáná sí i dè mí, mo sì rọra wà á wọlé. Gọ́tà ọ̀tún àti tòsì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táyà. Pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi wa gbàdúrà, àáfà tó ń gbé ilé kejì náà gbàdúrà. Mo pa ẹ́ńjìnnì kí a lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. A jẹ ìrẹsì, a mu, a ya fọ́tò. Nígbà tí mo padà ṣáná sí i, ó kan kérora, ó sì dákẹ́.

Búrẹ́kì irú ọkọ̀ yìí, afẹ́fẹ́ ló ń tú u sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì ló sì ń pèsè afẹ́fẹ́ náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú tí afẹ́fẹ́ jò tán, táyà á gan sójú kan, kò ní ṣeé tì, kò ní ṣeé fà. Bí tírélà mi ṣe jókòó sáàárín àdúgbò nìyẹn. Mọ́tò kò lè wọlé, màrúwá kò lè kọjá. Àwọn tó ń ru omi ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Wọ́n á ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Tóbi, Ọlọ́run á ṣe é,” èmi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé jáde kí n má baà gbọ́ ọ.

Mo lọ bá Ràfíù ní Ṣómólú, mo dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ tí epo ti rin. Ó tẹ̀ lé mi, ó yẹ ẹ́ńjìnnì wò, ó nu ọwọ́.

“Ṣé o fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó ṣáná sí i?”

“Mo fọwọ́ kàn án, bọ̀dá mi.”

“Báwo ló ṣe rí?”

“Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.”

Kò bá mi wí. Ó wo ìyàwó mi tó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbóhùn sókè pé, “Ìyá Tóbi, ẹ má dààmú. Inú lọ́hùn-ún ló ti jẹ, kò sí bí Bàbá Tóbi ṣe lè mọ̀.” Nítorí tèmi ló ṣe parọ́, ó sì dùn mí ju èébú lọ.

Ó ní òun á tú ẹ́ńjìnnì náà níbẹ̀, lójú títì. Ó tún un ṣe lóòótọ́. Orí náà ni mo fi ń kó sìmẹ́ńtì lónìí, mi ò sì padà sídìí sítíárìn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí ó tó parí iṣẹ́ ni àìsàn Bàbá Káfíńtà dé.

Bàbá Káfíńtà ń gbé òdìkejì ilé wa. Òun ló kan èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀kùn àdúgbò. Mo dúpẹ́ pé ó ṣì wà láàyè. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àyà ń dùn ún, kò lè mí dáadáa. Ọmọ rẹ̀ obìnrin pe mọ́tò, mọ́tò sì dúró lókèèrè nítorí tírélà mi. Wọ́n gbé bàbá lé àga, wọ́n ń wá ọkùnrin tí yóò gbé e. Mo sáré jáde, mo di ẹsẹ̀ àga kan mú. Àyè tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kò gba àwa àti àga. Ẹ̀yìn wa ń ha ògiri, bàbá ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ̀rù ń bà mí pé ọwọ́ mi ni yóò kú sí. Bí a ṣe dé ibi táyà iwájú, ó ní ká dúró.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kò sáyè,” ni ọmọ rẹ̀ wí.

“Ẹ dúró ná. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbàdúrà sí i, ara mi ò yá, mi ò lè jáde.”

Ó na ọwọ́, ó gbé e lé ara ọkọ̀ náà. Ó ní n ó lò ó gbó. Ó ní kò ní gbẹ̀mí mi, kò ní gbẹ̀mí ẹlòmíràn, yóò sì fa òmíràn wá. Ó ń sinmi kó tó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tá a jọ gbé àga ń ṣe àmín, ọmọ rẹ̀ tó ń sunkún ń ṣe àmín, Ràfíù náà ṣe àmín lábẹ́ ọkọ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Èmi nìkan ni mi ò lè ṣe é.