Òróró Ẹran Iléyà

Ibi tí wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ìlú kékeré kan tí mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ láti Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí mò ń gbé. Gbogbo omi tí àwọn ará ìlú náà fi wẹ̀, tí wọ́n fi fọ abọ́, tí wọ́n fi ṣan ilé ìgbẹ́, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. A ó kọ́kọ́ fi irin sẹ́ àkísà àti bébà kúrò, a ó jẹ́ kí ẹrẹ̀ rògún, lẹ́yìn náà a ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ìyókù kí àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí lè jẹ ìdọ̀tí inú rẹ̀. Ìgbà tó bá tó mọ́ la tó ń tú u sí odò. Pẹ́pẹ́yẹ ń wẹ̀ níbẹ̀. Mo máa ń ya fọ́tò wọn wá sílé, mo sì máa ń fi yangàn.

Ẹnu mi kì í sinmi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni mo lẹ ìwé mọ́ ògiri lẹ́bàá àtẹ̀gùn ilé wa pé kí ẹnikẹ́ni má da òróró sí síńkì, nítorí pé á dì nínú páìpù, omi ìdọ̀tí á sì wá ibòmíràn gbà, títí dé inú odò. "Uncle Omi" ni wọ́n ń pè mí nínú ilé náà.

Lọ́dún tí màmá mi wá kí mi láti Abẹ́òkúta, èmi ni mo dín ẹran Iléyà. Wọ́n ní kí n jẹ́ káwọn dín in, mo ní kí wọ́n jókòó, àlejò ni wọ́n. Fóònù ni mo ń tẹ̀ nídìí iná; ṣé ẹni tó ń tẹ fóònù lè dín ẹran ni? Òróró jó, ó dúdú, ó ń rùn. Màmá mi ní kí n jẹ́ kó tutù, kí n dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, àwọn á rí i lò. Màmá mi kì í da òróró nù láyé. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa ń retí wa níbi àsè ní Brockley, a sì ti pẹ́. Bí màmá mi ṣe wọ yàrá lọ múra báyìí, mo da òróró náà tòun ti èérún ẹran sínú síńkì, mo da omi gbígbóná àti ọṣẹ lé e. Èmi tí mo lẹ ìwé.

Lọ́jọ́ kẹta, omi dúdú rú jáde nínú síńkì ìyá àgbà ará Jamaica tó ń gbé nísàlẹ̀ wa. Ó ba kápẹ́ẹ̀tì wọn jẹ́ pátápátá. Òṣìṣẹ́ tó wá tún un ṣe fa ọ̀rá dídì jáde nínú páìpù, èérún ẹran díndín wà nínú rẹ̀. Ó kó o sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, òun àti ìyá àgbà sì gòkè wá kanlẹ̀kùn wa.

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ, Uncle Omi," ni ìyá àgbà wí. Ojú wọn kọjá lára mi, ó bọ́ sára màmá mi.

Màmá mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rí ọ̀rá náà. Wọ́n wò mí lẹ́ẹ̀kan. Mo dorí kodò.

"Sorry, ma," ni màmá mi wí, wọ́n fọwọ́ lé àyà. "Me. Me." Wọ́n sì kúnlẹ̀ fún obìnrin tí kò lè ju ẹgbẹ́ wọn lọ.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ẹnu mi tí kì í sinmi ò ṣí.

Ìyá àgbà fà wọ́n dìde, wọ́n ní kí n bá àwọn túmọ̀: "Sọ fún Mummy pé níbí, tí pan bá ti tutù, tissue la fi ń nù ún, a ó jù ú sí bin. Kò gbọdọ̀ wọ sink. Odò ló máa bá a lọ."

Mo yíjú sí ìyá tó bí mi lọ́mọ, mo sì túmọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ò yọ. Ojú tì mí, síbẹ̀ mo túmọ̀ rẹ̀.

Màmá mi tẹ́tí títí mo fi parí.

"Sọ fún wọn pé mo ti gbọ́," ni wọ́n wí. "Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé o ti gbọ́?"

Ìyá àgbà bi mí pé kí ni Mummy sọ.

Mo ní wọ́n ní àwọn dúpẹ́.