Ọdún Tó Wà Lókè Ẹnu Ọ̀nà

Ìkòkò aró kì í gbàgbé. Ó lè gbẹ fún ọdún mẹ́wàá, kí aláǹtakùn ti takùn sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹrí bọ inú rẹ̀ yóò ṣì gbọ́ òórùn ẹ̀lú, òórùn kíkan tó dà bí ewé tó jẹrà mọ́ eérú tútù. Òórùn yẹn ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú bí mo bá rántí ọjọ́ tí wọ́n wá ka àwọn èèyàn ilé wa ní Ìtòkú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo tó máa ń rántí ohun tí mo fi ẹnu ara mi sọ.

Nígbà náà mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọgbọ̀n ọdún. Mo ti jáde ilé ìwé girama, ìwé ẹ̀rí mi wà nínú férémù lára ògiri, mo sì gbà pé kò sí ohun tí èèyàn kò lè tò bí ó bá ti ní bírò àti rúlà. Ọmọ kan ni mo ní, obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá àti oṣù mẹ́rin, ikọ́ fée sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ra ìwé ẹlẹ́yìn líle kan tí mo fi rúlà pín ojú ewé rẹ̀: orúkọ, ọjọ́ ìbí, wákàtí, ọjọ́ orí, abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọjọ́ tí ikọ́ dé, ọjọ́ tí ó lọ. Nígbà tó yá, mo kọ gbogbo ará ilé sínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sùn tí kò tètè jí, mo ti ń wá ìwé mi. Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, tí wọ́n tún tọ́ mi dàgbà, a máa fi mí rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí. Wọn a ní, “Akọ̀wé, mo sín lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ yìí. Ṣé o ti kọ ọ́ sílẹ̀?”

Aláró ni ìyá àgbà títí orúnkún wọn fi kọ iṣẹ́ náà. Wọ́n ń ka aṣọ láìṣi ẹyọ kan, ṣùgbọ́n wọn kì í ka èèyàn. Gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n ti ìyá àgbà kọjá bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá bi wọ́n léèrè iye ọmọ ọmọ wọn, wọn a ní, “Wọ́n pọ̀ bí èèrà, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n dín.” Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, wọn a dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn a béèrè pé, “Ṣé gbogbo yín ti wọlé tán?” A ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀ wọn kò ní tì í. Ọwọ́ wọn a wà lára ìkọ́ ilẹ̀kùn, ojú wọn a máa wo ọ̀nà tóóró tó já sí ọjà, bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣì kù lẹ́yìn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo dá wọn lóhùn lọ́jọ́ kan pé, “A pé, ìyá àgbà. Àwa méje.” Ìgbájú tí wọ́n gbá mi lọ́jọ́ náà nìkan ni wọ́n gbá mi rí láyé.

Ohun mìíràn tún wà. Bàbá wọn ló kọ́ ilé wa, ó sì fi sìmẹ́ǹtì ya ọdún tí ó parí rẹ̀ sókè ẹnu ọ̀nà, nọ́ńbà mẹ́rin gbàǹgbà, bí àwọn olówó ìgbà náà ti máa ń ṣe. Àlejò a máa dúró wò ó. Ìyá àgbà kì í gbójú sókè wò ó. Nígbà tí a kun ilé, wọ́n pe akunlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní kí ó fi ọ̀dà bo ọdún náà mọ́lẹ̀. Ó kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nọ́ńbà tó yọ síta kò ṣe é bò mọ́lẹ̀. Mo rò pé àgbà ló ń dà wọ́n láàmú.

Nígbà tí ìjọba kéde pé àwọn fẹ́ ka gbogbo èèyàn orílẹ̀-èdè yìí, inú mi dùn ju ti ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé ìyàwó fún. Wọ́n ṣe kónílé-ó-gbélé. Ọjà Ìtòkú pa rọ́rọ́, kò sí ọ̀kadà kan tó ń dún. Mo jí ní kùtùkùtù, mo wẹ̀ fún ọmọ mi, mo wọ aṣọ lílọ̀ fún un bí ọjọ́ Iléyá. Mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé bí ẹni pé èmi ni ìjọba: bí wọ́n bá kà wá, wọ́n á mọ iye ilé ìwé àti ilé ìwòsàn tó yẹ wá. Mo ní, “Ẹni tí wọn kò kà, kò sí nílùú.” Ìyá àgbà ń mu ẹ̀kọ nítòsí. Wọ́n gbé ife náà kalẹ̀, wọn kò sì gbé e mọ́.

Ó tó nǹkan bí aago mẹ́wàá kí ọmọbìnrin akànìyàn tó dé, olùkọ́ ni, fìlà ìjọba wà lórí rẹ̀, òógùn ti mú ẹ̀wù rẹ̀.

“Ẹ kú ilé o.”

“Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oòrùn. Ẹ jókòó, mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún yín.” Mo na ìwé mi sí i.

Ó rẹ́rìn-ín. “Àǹtí, bí gbogbo ilé bá rí báyìí, mi ò bá ti padà sílé. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ká fojú rí olúkúlùkù.”

Mo pe ọmọ mi. Kò dáhùn. Mo wo yàrá, mo wo ilé ìdáná, mo sáré dé ojú títì tí kò sí ẹnì kankan. Oògùn tí ó máa ń fà sẹ́nu wà lórí tábìlì, kò mú un dání. Mo padà sẹ́yìnkùlé. Ìyá àgbà gbé àpótí sí àárín ọ̀nà tó lọ sí ibi tí ìkòkò aró wà, wọ́n sì jókòó lé e, wọ́n kúkú ń so aṣọ bí ẹni tó níṣẹ́ í ṣe.

“Ìyá àgbà, ẹ bá mi rí ọmọ mi?”

“Ọmọ wo?”

“Ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní.”

“Má kà á,” ni wọ́n wí, láìgbójú sókè.

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ tán ni mo gbọ́ ikọ́. Kò lágbára, ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Mo fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìkòkò tó tóbi jù ni wọ́n fi ẹní bò lẹ́nu. Mo ṣí i. Ọmọ mi ká jọ sínú rẹ̀, orúnkún kan àgbọ̀n, eruku aró dúdú níwájú orí rẹ̀, èémí rẹ̀ ń dún bí ayùn. Mo fà á jáde, mo gbé e sáré dé ìdí oògùn rẹ̀. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, ó ní, “Ìyá àgbà ní kí n má ṣe mí sókè, kí wọ́n má baà kọ mí lọ.”

Mo yíjú sí ẹni tó tọ́ mi dàgbà. Lójú àlejò, mo ní, “Ṣé ẹ fẹ́ pa ọmọ mi ni?”

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Mo gbọ́ bó ṣe fọ́. Ìyá àgbà wọlé, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọmọbìnrin akànìyàn náà.

“Akọ̀wé ni wọ́n ń pe èmi náà nígbà kan,” wọ́n ní. “Bàbá mi jẹ́ kí n lo ọdún mẹ́ta nílé ìwé ìjọ. Ìṣirò dùn mọ́ mi. Nígbà náà, ìjọba òyìnbó ti ní kí obìnrin máa san owó-orí, ọmọbìnrin tó bá sì ti pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti wọ̀ ọ́. Akóda tó ń bá wọn gba owó-orí wọ agboolé wa, ó nàka sí ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá wa ní ọmọdé ni, kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Ta ló ní ìwé ọjọ́ ìbí nígbà náà? Akóda ti fẹ́ kọjá. Èmi ni mo jáde sí i. Mo ní, ‘Ó ti tó. Ọdún tí wọ́n parí ilé yìí ni wọ́n bí i. Ó wà lókè ẹnu ọ̀nà yẹn. Mo ti yọ ọ́ kúrò nínú ọdún tí a wà, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ṣẹ́ kù.’ Mo rò pé wọ́n máa yìn mí.”

Ìyá àgbà fa ìró wọn bo orúnkún.

“Akóda yìn mí. Ó ní orí mi pé. Ṣùgbọ́n ó ní ojú òun ni òun máa fi jẹ́rìí sí i. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi tú ìró àyà rẹ̀. Níṣojú gbogbo agboolé. Níṣojú bàbá wa. Ó wá kọ orúkọ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi gbé agbọ̀n, ó ní òun ń lọ kó gbágùúdá lóko bàbá wa lọ́nà Ìtòrí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ó ní, ‘Akọ̀wé, ó dàbọ̀.’ Kò dé oko. A ò rí i títí dòní.”

Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé àwọn obìnrin Ẹ̀gbá kóra jọ, wọ́n kọrin, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ààfin títí owó-orí obìnrin fi kúrò nílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mo gba máàkì lórí rẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni ohun tí ìyá àgbà sọ tẹ̀ lé e: pé ìyá wọn wà láàárín àwọn obìnrin náà lójoojúmọ́, kò kọrin, ojú àwọn ọmọbìnrin inú èrò ló ń wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọbìnrin akànìyàn ti gbé bírò sílẹ̀. Ìyá àgbà ní, “Ọmọ mi, kọ ọmọ yìí. Mi ò ní dí yín lọ́wọ́ mọ́. Bí o bá kọ ọ́ tán, bá mi kọ ẹ̀gbọ́n mi náà.”

“Màmá, ṣé ibí ni wọ́n sùn mọ́jú?”

“Rárá.”

“Wọ́n ní ẹni tó bá sun ilé mọ́jú nìkan ni ká kọ, Màmá.”

“Mo gbọ́. Ìwé ìjọba ló lé e kúrò nílé. Inú ìwé ìjọba ni mo fẹ́ kó gbà padà wọlé.”

Ọmọbìnrin náà wò mí. Ó rọ ohùn sílẹ̀: “Àǹtí, ìlà kan ṣì ṣófo níbí. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ.”

Ó dá mi lójú pé bí mo bá ní kí ó kọ ọ́, yóò kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tíì balẹ̀ nítorí ọmọ mi, inú sì ń bí mi. Mo wo ìwé náà, mo wo ìlà tó ṣófo, mo sì sọ òtítọ́, bí ó ti wà nínú òfin gẹ́lẹ́. Mo ní, “Irọ́ nìyẹn máa jẹ́. A ò lè ka ẹni tí kò sí.”

Ìyá àgbà mi orí. “Òótọ́ ni, Akọ̀wé.” Ìgbà ìkẹyìn nìyẹn tí wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n na ìka wọn fún àmì ẹni tí wọ́n ti kà. Aró ti wọ èékánná wọn láti ọdún gbọ́nhan, tàdáwà ìjọba kò sì hàn lára rẹ̀ rárá.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá àgbà kò bi wá mọ́ bóyá gbogbo wa ti wọlé tán. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n kàn ń ti ilẹ̀kùn ni. Wọn kò rí ọyẹ́ ọdún náà.

Ọmọ mi ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí. Kò pẹ́ tí mo tẹ̀ lé e nígbà tó mú ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, lọ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní. Ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ béèrè ọjọ́ orí ọmọ náà, ohùn rẹ̀ tutù, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti bo àyà ọmọ náà. Ọmọ mi yọ ọ́ kúrò jẹ́jẹ́. Ó dá ọkùnrin náà lóhùn pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ni.

Nígbà tí a délé, mo mú ìwé ẹlẹ́yìn líle náà jáde, mo sì ṣe ohun tí mo ti ń fà sẹ́yìn láti ọdún wọ̀nyí wá. Mo kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ ìyá àgbà: ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, ọmọ ilé yìí. Mo fi àyè ọjọ́ orí sílẹ̀ lófìfo. Nínú gbogbo ìwé náà, òun nìkan ni ẹni tí àyè ọjọ́ orí rẹ̀ ṣófo.

Ọmọ ọmọ mi yọjú lé èjìká mi. Wọ́n ti ń kọ́ wọn ní ìṣirò ayọkúrò nílé ìwé, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Ìyá àgbà, ẹ ò kọ ọjọ́ orí tibí.”

“Mi ò mọ̀ ọ́n,” mo ní. “Ọdún tí wọ́n parí ilé yìí ni wọ́n bí wọn.”

Ojú rẹ̀ là. Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà, ó gbójú sókè, ó ń ka nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà sókè ketekete, ó sì padà wá na ọwọ́ sí bírò. Ó ní, “Ó rọrùn. Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣírò rẹ̀.”

Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo pa ìwé náà dé. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé ọwọ́ lé ìkọ́ ilẹ̀kùn, mo bi wọ́n bóyá gbogbo wọn ti wọlé tán. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò tíì tì í.