Ẹ̀rọ Tó Ń Gbọ́ Ohùn Màmá Akọ̀wé

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà ò lè ṣe bí mo bá ti jókòó tì í. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ẹ̀kọ́ gíga ni, mo padà sílé ní Ugbonla, mo sì dá ara mi lójú ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi ni mo ṣe ètò tó wà lórí kọ̀ǹpútà èbúté wa, tí wọ́n fi ń kọ ọkọ̀ tó lọ, ibi tó ń lọ àti ìgbà tó dé. Ọkọ̀ tí wọn ò bá tíì kọ pé ó dé títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á wá a lọ.

Ìyá àgbàlagbà tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Akọ̀wé ló ń tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n oríkèé ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún débi pé kó tó tẹ orúkọ ọkọ̀ kan tán, méjì ti kọjá. Ìgbìmọ̀ èbúté ní bó bá di òpin oṣù, àwọn á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó ká mi lára gan-an, torí ó ti wà lórí àga yẹn kí n tó lè di àjẹ̀ mú. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé màá mú kí kọ̀ǹpútà máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, kó sì máa kọ ohun tó bá sọ.

Wọ́n ti kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ pé bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ tán, á dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ẹ̀rọ fi ń mọ̀ pé gbólóhùn ti parí. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa nínú yàrá mi, níbi tí mo ti ti fèrèsé pa.

Lọ́jọ́ tí a gbé e dé èbúté, ìgbìmọ̀ tò sórí bẹ́ǹṣì, èmi náà wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun. "Ọkọ̀ Zion Pepe, èrò mẹ́jọ," ni Màmá wí. Kó tó mí, ìyá kan kí i látinú ọkọ̀. Màmá dáhùn, ó béèrè ọmọ, ó béèrè ọkọ, ó béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá náà lọ́jọ́sí. Ọkọ̀ ń lọ, ohùn wọn kàn ń ròkè sí i ni. Kí tibí tó tán, ọkọ̀ tó ti ìlú Etikan bọ̀ ti gúnlẹ̀ pẹ̀lú ìkíni tirẹ̀. Ta ló ń dákẹ́ ní èbúté wa? Nígbà tó di ọ̀sán, gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé wa, ó gùn bí odò, ìrora ẹsẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni sì wà nínú rẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ kà á sókè, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó kù díẹ̀ kí n bẹ́ sómi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè máa dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan?"

"Kí èèyàn kí mi, kí n dákẹ́? Ọma mi, wọ́n á ní mò ń bá àwọn jà."

Lọ́jọ́ kejì mo jókòó tì í, mo kàn ń fetí sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ohun tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré: kò sí ọkọ̀ tó lọ tí Màmá ò fi "Àlọ ire, àbọ̀ ire" sìn, kò sì sí èyí tó dé tí kò kí ní "Ẹ káàbọ̀". Mo pa ìdákẹ́jẹ́ tì. Mo ní kí ẹ̀rọ mú orúkọ ọkọ̀ àti iye èrò, kó gbójú fo ìyókù, kó sì fi àdúrà yẹn mọ̀ pé ọkọ̀ ti lọ, kó fi káàbọ̀ mọ̀ pé ó ti dé. Kí oṣù tó parí, Màmá ti ń káwọ́ lé itan kọ̀wé, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ ìrọ́pò mọ́.

Nígbà tí mo ríṣẹ́ sí ìlú ńlá, òun ló sìn mí dé ẹsẹ̀ omi. Ó fi mí sínú ìwé ọkọ̀ lọ́tọ̀: "Ọma mi, èrò kan. Àlọ ire, àbọ̀ ire."

Ó ti di ọdún mẹ́rin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, alága fi fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà náà ránṣẹ́ sí mi. Gbogbo ọkọ̀ ló ti dé. Ìlà kan ṣoṣo ló ṣì wà ní ṣíṣí, tèmi ni. Ó ní àwọn bẹ Màmá kó jẹ́ káwọn pa á rẹ́, ṣùgbọ́n Màmá bi wọ́n bóyá wọ́n ti rí mi ná. Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ojú tì mí. Èmi tí mo kọ́ ẹ̀rọ láti máa gbọ́, mi ò gbọ́ pé wọ́n ti ń wá mi. Mo ti di ẹrù mi. Mò ń lọ gba káàbọ̀ mi.